Ọjọ́ Tí Huda Bẹ̀rẹ̀ Kéwú

Ní òwúrọ̀ Àlàrùbá tó yẹ kí Huda bẹ̀rẹ̀ kéwú, bàbá rẹ̀ já a gbà lórí itan bàbá-bàbá rẹ̀ níṣojú àgbàlagbà mẹ́tàdínlógún, láìka àwọn ọmọdé mọ́ ọn. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni. Kó tó di aago mẹ́wàá, gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin ti gbọ́. Kó tó di aago mọ́kànlá, àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀.

Àfáà Abdulmumini ni bàbá-bàbá náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ láti bí ogójì ọdún. Nínú àwọn tó kọ́, ẹni tó ti di lọ́yà wà, ẹni tó ń ta páànù wà, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá wà, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì fi ń kí i. Kò ní mọ́tò, kò ní ilé kejì. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ní. Tí ìyá kan ní àdúgbò náà bá ń lọ sọ́jà, tó ní ọmọ tí kò rí ẹni bá òun mú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àfáà ló ń fi í sí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní wo ẹ̀yìn.

Bí Àfáà ṣe ń mú ọmọ wọ kéwú nìyí, kò sì yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Á gbé ọmọ náà sórí itan, á di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, á fi gègé kọ Bísímílà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó máa ń po oyin díẹ̀ mọ́ tàdáwà tó fi ń kọ ọ́, ọmọ á sì lá a. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pín àkàrà fún àwọn ọmọ yòókù. Bí Haneef, bàbá Huda, fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí itan kan náà.

Haneef ni àbíkẹ́yìn Àfáà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun, Kamilah ìyàwó rẹ̀, àti Huda tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn agbolé. Ní àdúgbò Challenge ni Haneef ti ń ṣiṣẹ́, lókè kejì ilé kan tí gíláàsì rẹ̀ dúdú. Tí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ kí ni, á ní, “Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni.” Ìyẹn ti tó. Iṣẹ́ tó ní ẹ́síì, tó ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í kú, tí owó rẹ̀ ń wọlé lópin oṣù, ta ló tún ń bèèrè nǹkan mìíràn níbẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, nígbà tí Kamilah ń wẹ̀ fún ọmọ ní bàlùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, Haneef dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo agbolé. Láti bí oṣù mẹ́jọ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀ fún Huda mọ́ àfi ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n lọ ra bisikíìtì.

“Bàbá Huda, ta lẹ ń ṣọ́?” ni Kamilah bi í.

“Mi ò ṣọ́ ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ̀gbọ́n yín lẹ lé padà lẹ́ẹ̀kan yẹn. Omi ló fẹ́ bù.”

“Ó lè dúró díẹ̀.”

“Ilé bàbá wọn ni o.”

Haneef kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kamilah fi aṣọ nu ọmọ, ó wọ ẹ̀wù tuntun fún un, ó fi híjáàbù funfun bò ó lórí. Ó ti pinnu pé òun kò ní jà lónìí, nítorí pé ọjọ́ ayọ̀ ni.

Nígbà tí àkókò tó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Ọmọ mẹ́tàlélógójì jókòó sórí ẹní pẹ̀lú pátákó wàláà wọn, nítorí ọlidé ni, kò sí ilé-ìwé. Àwọn ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Jummai tó ń ta másà lẹ́nu ọ̀nà agbolé fi másà sílẹ̀ lórí iná, ó wọlé wá wòran, nítorí pé ọmọ tirẹ̀, Ummu Kulthum, wà lára àwọn tó jókòó. Hùmúàní, ìyàwó Àfáà, gbé abọ́ àkàrà dání. Inú gbogbo wọn dùn.

Àfáà gbé Huda sórí itan. “Kí lorúkọ ẹ?”

“Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n,” ni Huda wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wù ọmọ náà ti ká sókè díẹ̀ nígbà tó jókòó. Àfáà na ọwọ́ òsì, ó fà á wálẹ̀ bo orúnkún rẹ̀, bí bàbá àgbà èyíkéyìí yóò ṣe ṣe.

“Ẹ gbé e sílẹ̀!”

Ohùn náà le débi pé wọn kò kọ́kọ́ mọ̀ pé Haneef ni. Ó ti fò kọjá àwọn ọmọ tó wà níwájú, ó ti tẹ wàláà ẹnì kan mọ́lẹ̀. “Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lára ẹ̀! Mo ní ẹ gbọ́wọ́ kúrò!” Ó já ọmọ gbà. Ìgò tàdáwà dojú dé, ó sì ṣàn sára jàlàbíyà funfun tí Àfáà wọ̀, láti àyà dé itan.

Haneef di ọmọ mọ́ àyà, ó ń mí gúlegúle. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wá wo gbogbo ojú tó ń wo òun, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó gbé ọmọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Àfáà wo itan rẹ̀ tó ti dúdú. Ó ní, “Ẹ pín àkàrà fún àwọn ọmọ.” Wọ́n pín in. Àwọn ọmọdé jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè. Àwọn àgbà kò rí tiwọn gbé mì.

Jummai padà sídìí másà rẹ̀, ó bá a tó ti jóná. Ìyẹn kò dí i lẹ́nu. “Mi ò sọ nǹkan kan o,” ló ń wí fún gbogbo ẹni tó wá rajà. “Èmi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ló sọ ọ́, ọmọ Àfáà fúnra ẹ̀, pé kó gbọ́wọ́ kúrò. Kì í ṣe ará ìta. Ènìyàn ò ṣáà lè máa pariwo mọ́ bàbá ẹ̀ lásán. Allah ya kiyaye, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ lọ nìyẹn. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ ṣe é. Ẹnì kan ní inú ń run ọmọ òun. Ẹnì kan ní ìyá-ìyá ọmọ dé láti Jẹ́bà, ó fẹ́ rí i. Ẹnì kan rántí pé òní ni wọ́n máa dirun fún tòun. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọkùnrin náà. Àfáà ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn pé, “Ọlọ́run á fún un lálàáfíà.” Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ọmọ mẹ́sàn-án ló kù lórí ẹní, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ka ẹsẹ kan lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí kì í ṣe rí.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, Haneef dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Huda jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún. Kì í ṣe nítorí ariwo. Wọn ò jẹ́ kó lá oyin ni. Hùmúàní wọlé pẹ̀lú ife omi hàntú. Ẹsẹ Kùránì ni wọ́n kọ sí wàláà, tí wọ́n wá fi omi fọ̀ ọ́ sínú ife, omi náà sì ti ṣú díẹ̀.

“Dìde, kó o mu ún.”

“Ìyá, kò sí ohun tó ṣe mí.”

“Kò sí ohun tó ṣe ẹ́? O já ọmọ gbà lọ́wọ́ bàbá ẹ lójú gbogbo Gàmbàrí, kò sí ohun tó ṣe ẹ́? Àlíjọ̀nú ni. Mo ti ń rí i lójú ẹ láti ìgbà ààwẹ̀. Ìyá Huda, bá mi dì í mú.”

“Ìyá, iṣẹ́ yẹn ni,” ni Kamilah wí.

“Iṣẹ́ wo?”

“Iṣẹ́ tí Bàbá Huda ń ṣe yìí. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń sùn. Wọ́n ń jẹ ẹran.”

“Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Kí ni kọ̀ǹpútà máa ṣe fún un? Ṣebí inú ẹ́síì ló jókòó sí. Bàbá ẹ̀ tó ti jókòó sórí ẹní fún ogójì ọdún ńkọ́?”

“Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, Ìyá. Ó ti pé ọdún kan àbọ̀, wọn ò sọ fún mi. Ìgbà tí mo bi wọ́n títí, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má bi àwọn mọ́.”

“Ìyàwó wo ni ò mọ iṣẹ́ ọkọ ẹ̀?”

“Ìyá wo ni ò mọ iṣẹ́ ọmọ ẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Kamilah kó tó mọ̀. Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́.” Hùmúàní gbé ife kalẹ̀ sórí tábìlì.

“Ó dáa. Haneef, mo ti gbé e síbẹ̀ o.”

Haneef dìde, ó mu ún, kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀.

Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, Àlàájì Gàní wọlé tọ Àfáà wá. Ilé rẹ̀ ló kángun sí ti Àfáà, ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ń kéwú níbẹ̀, Àfáà ló sì kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní kékeré. Ó mú ọkùnrin méjì dání, kó má baà dà bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ó kí Àfáà kú òjò. Ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó sọ̀rọ̀ nípa bẹntiróòlù. Ó tún kí i kú òjò. Àfáà ń dúró dè é.

“Àfáà, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀.”

“Mo gbọ́.”

“A ò gbà á gbọ́ o. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Tí Haneef bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún wa, a ó lọ sọ fún wọn, ó parí.”

“Ẹ pè é,” ni Àfáà wí.

Haneef wá, ó kúnlẹ̀ láàárín wọn.

“Haneef,” ni Àlàájì Gàní wí, “ṣé bàbá ẹ ṣe nǹkan kan tí kò yẹ sí ọmọ yìí?”

“Rárá, Àlàájì.”

“Láyé?”

“Láyé. Wọn ò ṣe nǹkan kan.”

Àlàájì Gàní mí kanlẹ̀. “Àlámùdúlílàì. Kí ló wá dé tó o fi pariwo mọ́ wọn?”

“Mi ò lè sọ ọ́.”

“Kí ló fà á tó ò fi lè sọ ọ́?”

“Mo ti búra pé mi ò ní sọ.”

Ká ní ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa dá sílẹ̀, ì bá ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ní gbogbo agbolé tó wà ládùúgbò yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú ènìyàn búra. Tí ẹrù bá sọnù, tí tọkọtaya bá ń fura síra wọn, tí àwọn ọmọ ìyá bá ń du ilẹ̀, ọ̀dọ̀ Àfáà Abdulmumini ni wọ́n ń wá, Kùránì rẹ̀ tó wà nínú àpò awọ lára ògiri ni wọ́n sì ń gbọ́wọ́ lé. Haneef kò rò ó débẹ̀. Ohun tí àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ni pé bàbá ti mú ọmọ rẹ̀ búra kó má baà tú òun fó.

Àlàájì Gàní wo àpò awọ náà. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. “Ó ti tó, Àfáà. Ẹ jẹ́ á dúró síbẹ̀ yẹn.” Kò bọ Àfáà lọ́wọ́ kó tó jáde. Nígbà tó fi máa dé ìloro, ọmọ mẹ́sàn-án tó kù ti di mẹ́ta.

Àfáà ni lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà níwájú agbolé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó dúró sínú sàfù láàárín àwọn èrò, ó ní kí ẹlòmíràn síwájú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé rárá o, Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ síwájú. Ohun tó dùn ún jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó ju igbe ọmọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà dé, ó pe Haneef sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ta ló mú ẹ búra?”

“Bàbá…”

“Mi ò bi ẹ́ léèrè ohun tó o búra lé. Ta ni, mo ní?”

“Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ni.”

“Orí kí lẹ búra sí?”

“Kùránì. Ọmọ Ìlọrin ni ọ̀gá yẹn. A ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, pé a ò ní sọ ohun tí à ń rí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun mọ àwa ará ibí, pé ìwé ò lè dí wa lẹ́nu. Ó yọ Kùránì jáde nínú ọ̀rá, ó ní kí àwa Mùsùlùmí gbọ́wọ́ lé e. Ó gbé Bíbélì fún àwọn yòókù. Mo ní mi ò ní sọ fún ìyàwó, mi ò ní sọ fún òbí.”

“Ṣé o wà lórí àlùwàlá?”

“Mo wà lórí ẹ̀. Èmi nìkan ló béèrè ibi tí omi wà.”

Àfáà mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀. “Ó yẹ kó o wá bá mi.”

“Tí mo bá wá bá yín, mo ti sọ nìyẹn.”

“Haneef, ìbúra tó bá ń jẹ ènìyàn níyà, ẹ̀sìn ò ní kó gbé e kú. Kàfárà, ohun tí à ń fi tú ìbúra, wà fún un. Kó o bọ́ tálákà mẹ́wàá yó, kó o sì sọ ohun tó yẹ kó o sọ.” Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti rù, tí ẹ̀wù ti tóbi jù lára rẹ̀. “Láti ọdún kan àbọ̀, oúnjẹ ẹni mẹ́wàá ló ń dí ẹ lọ́nà.”

Ó pe Kamilah, ó ní kó lọ ra másà, kó wá ẹni mẹ́wàá tí kò tíì jẹun, kó fún wọn títí wọn ó fi yó. Kamilah bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó sì sáré jáde pẹ̀lú ẹkún náà lójú. Ní Gàmbàrí, wíwá ẹni mẹ́wàá tí ebi ń pa kì í ṣe iṣẹ́. Ó rí wọn kó tó dé ìkángun òpópó. Ẹni kọkànlá bínú sí i. Jummai ń ka másà sínú abọ́, ó ń wo ojú rẹ̀ tó ti wú. “Àfáà ló ń ṣe sàráà? Ó dáa. Ọlọ́run máa ń dárí jini.” Kí Kamilah tó wọlé, ìyẹn náà ti wọ àdúgbò.

Bàbá àti ọmọ jókòó títí ó fi dé.

“Wọ́n ti yó,” ni Kamilah wí.

“Jókòó, Ìyá Huda. Ó tọ́ sí ìwọ náà láti gbọ́.”

Haneef sọ ọ́. Ó gbà á tó wákàtí kan. A ò ní kọ ohun tó sọ síbí. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà pawó lókè òkun kì í wò ó fúnra wọn, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń ka ìwé yìí fi gbọ́dọ̀ wò ó. Ìwọ̀nba tó yẹ ká mọ̀ nìyí. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń gbé fídíò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú rẹ̀, àwọn kan ń pa ènìyàn, àwọn kan ń ṣe ohun tó burú ju pípa lọ. Ẹ̀rọ ń mú díẹ̀ nínú wọn. Èyí tó kù, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò, pàápàá èyí tí wọ́n bá ti sọ Yorùbá tàbí Hausa, nítorí ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ dáadáa. Haneef ni ènìyàn náà. Irínwó ló ń wò lóòjọ́. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fi gba afẹ́fẹ́, tó bá sì di mọ́kànlá, wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, obìnrin kan láti ìlú tí kò mọ̀ máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà, á ní kí gbogbo wọn dijú, kí wọ́n fojú inú wo etíkun. Haneef kò dé etíkun rí.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ní sùúrù, pé kì í sì í ṣàṣìṣe, wọ́n gbé e ga. Wọ́n gbé e sí ẹ̀ka tó ń wo ti àwọn ọmọdé. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó délé wí pé wọ́n fún òun ní ìgbéga, Hùmúàní pa adìyẹ, wọ́n sì ṣe àdúà fún ọ̀gá tó rí iwájú rere lára rẹ̀.

“Bàbá, gbogbo ẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa,” ni Haneef wí. “Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé e dání, ẹni tó mọ̀ ni. Á gbé e sórí itan. Á tún aṣọ ẹ̀ ṣe. Mo ti wò ó débi pé tí mo bá ti rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, mo ti mọ èyí tó kù. Láàárọ̀ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni mo rí.”

Kamilah ti fi ìborùn bo ojú. Àfáà ń ka tẹ̀súbáà bọ̀ láti ìgbà tí Haneef ti bẹ̀rẹ̀. A kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Àwọn ọmọ yẹn,” ni Àfáà wí níkẹyìn. “Tó o bá ti yọ fídíò kúrò, ta ló ń lọ gbà wọ́n?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá. Wọn kì í sọ fún wa. Òmíràn á tún yọ ni.”

Àfáà ká tẹ̀súbáà sínú àpò. “Lọ bá Àlàájì Gàní. Má sọ gbogbo ẹ̀.”

Haneef jáde lọ sídìí másà Jummai, níbi tí Àlàájì Gàní àti àwọn yòókù jókòó sí. Ó dúró lójú gbogbo wọn, ó ní bàbá òun kò mọ nǹkan kan, pé ọ́fíìsì ni òun ti búra, pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa wo ohun búburú tí àwọn ènìyàn ń fi àwọn ọmọdé ṣe, àti pé ó ti wọ òun lórí. Ó sọ ọ́ parí. Jummai dá iná másà dúró. “Wàláhì, èmi ò sọ nǹkan kan,” ló wí. Àlàájì Gàní fò dìde, ó sáré wọ agbolé lọ láìwọ bàtà, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Àfáà, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó forí ji òun. Àfáà ní kó dìde, pé òun ti forí jì í.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó bá Àlàájì Gàní wá lẹ́ẹ̀kan fa Haneef sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Iṣẹ́ yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń gba ènìyàn síbẹ̀? Suhaib ọmọ mi ti jáde Pólì láti èṣí. Ilé ló wà.”

Haneef wò ó. “Wọ́n ń gbà á, sà. Oṣooṣù ni wọ́n ń gba ènìyàn.”

Nígbà tó wọlé, fóònù rẹ̀ ń dún. Ó ti yẹ kó wà ní Challenge láti aago méjì. Kamilah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á. “Ẹ ò padà síbẹ̀ mọ́.” Hùmúàní ń gún ẹ̀wà àkàrà mìíràn, ó gbọ́ ọ, ó la ẹnu láti béèrè ohun tí wọn yóò máa jẹ, ó wá wo ọmọ rẹ̀, ó sì ń gún ẹ̀wà lọ.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ara gbogbo àwọn tí inú ń run ti yá. Mẹ́tàlélógójì pé padà. Ìyá-ìyá tó dé láti Jẹ́bà ti lọ. Àwọn ìyá mú ṣúgà wá, wọ́n mú wàrà wá, Jummai gbé odidi abọ́ másà wá lófẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń kí Àfáà kíkí tó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ti orúkọ rẹ̀, ohun gbogbo ti padà sípò. Inú Hùmúàní dùn débi pé ó ń kọrin.

Haneef fúnra rẹ̀ ló fa Huda lọ́wọ́ wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e.”

Huda kò dúró kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Ó ń lọ tààrà sí itan bàbá-bàbá rẹ̀. Kó tó débẹ̀, Àfáà ti ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra.

“Rárá, ọmọ mi. Jókòó sára ìyá ẹ.”

Àwọn ìyá wo ara wọn. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Kamilah jókòó, ó gbé ọmọ sórí itan ara rẹ̀. Àfáà ní kó na ọwọ́ ọmọ náà síta, òun náà wá na apá gbọọrọ láti ọ̀ọ́kán, ó fi orí gègé kọ Bísímílà láìjẹ́ kí ìka rẹ̀ kan ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, ó sì wọ́. Huda lá a, ó ní kí wọ́n tún kọ òmíràn. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ pariwo Àlááhù Àkúbárù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àkàrà.

Ummu Kulthum, ọmọ Jummai, dìde pẹ̀lú wàláà rẹ̀, ó lọ fara ti èjìká Àfáà kó lè ka tirẹ̀ fún un, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Àfáà sún kúrò. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fèrèsé, ó wo àwọn ìyá níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì kó wọn wọ inú apá jàlàbíyà rẹ̀.

Haneef rí i láti ẹ̀gbẹ́ ògiri tó dúró sí. Ó mọ irú ìwò yẹn. Fún oṣù mẹ́jọ, òun nìkan ló ń wò bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà. Wọ́n ti wá di méjì báyìí.